Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹ̀rọ Èémí?

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní èèpo iwájú nígbà tí mo rà á, kò sì ní àwọn ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Orí ẹní ló wà lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, láàárín àwọn ìwé ìṣirò àlòkù àti Bíbélì kan tí ikán ti jẹ létí. Ọdún 1996 ni, mo wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá tó ń tà á gbọn eruku rẹ̀ dànù, wọ́n ní ogún náírà ni, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo béèrè ibi tí ìyókù rẹ̀ wà. Wọ́n ní ẹlẹ́pà tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti ya díẹ̀ nínú rẹ̀ fi pọ́n ẹ̀pà kí àwọn tó dé láàárọ̀.

Báyìí ni mo ṣe gbé Mars lọ sílé láìmọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ ìwé náà nìkan ló wà lókè ojú ewé: A Princess of Mars. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kà á lórí pèpéle ilé wa ní Òkè-Àró, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè ẹ̀gbọ́n mi lórí itan, títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú tí n kò ní í rí lẹ́tà mọ́.

Ọkùnrin kan ń jẹ́ John Carter, ọmọ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ó ń wá góòlù kiri ní aginjù Arizona ní 1866, àwọn ọ̀tá sì lé e wọ inú ihò àpáta. Nǹkan kan dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé. Nígbà tó máa fi agbára já ara rẹ̀ gbà, ó rí òkú ara rẹ̀ nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dúró tì í ní ìhòòhò. Ó jáde sẹ́nu ihò, ó rí ìràwọ̀ pupa kan lójú ọ̀run, Mars ni, ó na ọwọ́ sí i, ó bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì sí àlàyé. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí bú ìwé náà. Èmi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ dàgbà mọ̀ pé ọdẹ tó bá ti wọ ihò, ibòmíràn ló máa gbà jáde.

Ní Mars, ńṣe ló kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Ìwúwo ohun gbogbo níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé wa. Ẹni tó wọn kílò 70 ní Àkúrẹ́, nǹkan bíi 27 ni òṣùwọ̀n máa kà fún un níbẹ̀. Bí John Carter bá gbẹ́sẹ̀, á fò lọ sókè, á sì fi ojú balẹ̀. Àwọn ẹni àwọ̀ ewé tí gíga wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, tí wọ́n ní apá mẹ́rin, tí eyín wọn yọ síta bíi ti ìmàdò, ni wọ́n mú un ní ìgbèkùn.

Ibi tí ìwé náà ti gbá mi mú gan-an ni ibi tí obìnrin kan ti wọlé, ẹni àwọ̀ ewé bíi ti àwọn yòókù, tí wọ́n ní kó máa tọ́jú àjèjì yìí kó sì máa kọ́ ọ lédè wọn. S, o, l, a ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀. Ṣọlá mẹ́ta ló wà ní kíláàsì wa lọ́dún yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé orúkọ náà lè jẹ́ nǹkan mìíràn.

Nígbà ìsinmi Kérésì, bàbá mi kó èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà ní Oǹdó. Àkókò kòkó ni. A máa ń fọ́ kòkó lóko láti àárọ̀, a ó yọ ọ́, a ó kó o sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè kan. Tó bá di alẹ́, tí iná kò bá sí, a ó jókòó yí fìtílà ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa ṣa ìdọ̀tí kúrò lára kòkó tó ti gbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn Mars fún Ìyá àgbà ní Yorùbá, orí kan lálẹ́ ọjọ́ kan.

Nígbà tí mo dé ibi Ṣọlá, wọ́n ní, "Ta ló bí i?"

Mo ṣàlàyé pé ẹyin ni àwọn ẹni àwọ̀ ewé ń yé, pé wọ́n ń kó ẹyin gbogbo ìlú sínú ilé kan ní aginjù, pé ọdún márùn-ún ni oòrùn fi ń pa á. Ọjọ́ tó bá pa, wọ́n á tò sí ìlà, ọmọ tó bá sáré bọ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, tirẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọmọ tó mọ ìyá tó yé ẹyin rẹ̀, kò sí bàbá tó mọ ọmọ.

Ọwọ́ Ìyá àgbà dúró nínú agbọ̀n kòkó. "Ọmọ tí kò mọ ìyá rẹ̀. Ta ló máa wá kì í láàárọ̀?"

Mo ní ti Ṣọlá yàtọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ẹyin tirẹ̀ pa mọ́ sórí ilé ìṣọ́ kan tó ti dahoro, tí kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀, ó sì ń yọ́ lọ wò ó lóru. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n fi ìyà pa ìyá náà, kò sì dárúkọ bàbá ọmọ náà títí tó fi kú. Ṣọlá nìkan ló mọ ìyá rẹ̀ láàárín gbogbo wọn, òun nìkan náà ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàánú.

Ìyá àgbà mi orí, wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ kì í ni. Ó ti kì í kí wọ́n tó pa á."

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n n kò lè ka ibẹ̀ mọ́ kí n má gbọ́ ọ. Láti alẹ́ yẹn náà ni wọ́n ti ń pe àbúrò mi ní Ṣọlá. Orúkọ rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń jí lọ bá wọn lórí ẹní ní kùtùkùtù, tó máa kúnlẹ̀, tí kò ní í dìde títí wọ́n á fi kì í tán.

Ọmọ Òkè-Igbó ni Ìyá àgbà, ìlú kan náà tí wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà ní 1903. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá àgbà, ó sì ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, nígbà tí mo rò pé ohun tí wọn kò gbọ́ rí ni mò ń sọ, ńṣe ni wọ́n ń bi mí pé, "Àgbákò tó ní ojú mẹ́rìndínlógún ńkọ́? Ṣé kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀?" Wọ́n ní ìtàn Fágúnwà ni mò ń sọ, pé mo kàn gbé e lọ sí ọ̀run ni. Mo bá wọn jiyàn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ti ń rò ó láti ìgbà náà.

Ẹnikẹ́ni kò wo tẹnikẹ́ni kọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fágúnwà nígbà tí ìtàn Mars yìí kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1912. Síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé. Nínú ti Fágúnwà, àgbà ọdẹ kan ló wá bá ẹni tó jókòó, tó ní kó mú ìwé àti kálàmù, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Nínú ti Mars, arákùnrin bàbá kan ló fi ìwé sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ṣí i kí ọdún 11 tó pé, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ayé kí ọdún 21 tó pé. Ẹni tó lọ ibi tí ẹlòmíràn kò lè lọ, ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti yà ni pé Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìwé Fágúnwà, ń wá ọ̀nà àtidé ilé ní gbogbo ìgbà. John Carter ní tirẹ̀, ibi tó lọ ló di ilé fún un, ibi tó ti wá ni kò wù ú mọ́. Mo fẹ́ràn ti Fágúnwà jù, n kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ti Mars tí n kò rí nínú ìtàn mìíràn, òun ló sì mú mi jókòó kọ gbogbo èyí.

Ilé kan ni. Mars inú ìwé náà ń kú lọ. Òkun rẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń fúyẹ́. Àwọn ẹni àwọ̀ pupa tó mọ ẹ̀rọ ṣe bá kọ́ ilé ńlá kan láti máa ṣe afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé wọn ń mí. Ìtànṣán kan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n ń yọ sọ́tọ̀ lórí òrùlé láti fi ṣe é, ẹ̀rọ sì ń tú u jáde sínú ayé. Ògiri ilé náà nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 150. Ogún ni ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan, òmíràn á gbà á. Gbogbo ọmọ wọn ló ń kọ́ láti kékeré bí a ṣe ń ṣe afẹ́fẹ́, àmọ́ ẹni méjì péré ló mọ bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í ṣe irin: ìrònú mẹ́sàn-án ni, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tò tẹ̀ léra. Àwọn méjì yìí ń pín ọdún ṣọ́ ọ, ẹni kan ìdajì, ẹnì kejì ìdajì.

John Carter yà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ebi ń pa á, òtútù ń mú un. Bàbá tó ń ṣọ́ ọ gbà á sílé, ó fún un lóúnjẹ, ó sì fi gbogbo ẹ̀rọ hàn án. Àjèjì náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ èrò inú ara wọn níbẹ̀, ó sì gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án náà lọ́kàn bàbá. Ó tún gbọ́ pé bàbá ń gbèrò láti pa òun lójú oorun, bóyá ó ti mọ àṣírí náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sá lọ. Kò burú ní ojú mi pé bàbá náà rò ó bẹ́ẹ̀. Èémí gbogbo ayé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni méjì péré?" ni Ìyá àgbà wí. "Tí oorun bá gbé wọn lọ ńkọ́? Tí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn ńkọ́?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lópin ìwé nìyẹn gan-an. Ẹ̀rọ dúró. Kò sí ẹni tó lè ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Afẹ́fẹ́ ń tán, àwọn èèyàn ń dùbúlẹ̀ sí títì, ìyàwó John Carter tó jẹ́ ọmọ ọba ń mí gúlegúle lọ́wọ́ rẹ̀. Lójijì ló rántí ìrònú mẹ́sàn-án náà. Ó fò sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó kọrí sí ilé ẹ̀rọ.

Ibẹ̀ ni ẹlẹ́pà ti ya á.

Gbogbo ilé dákẹ́ nígbà tí mo dé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú Ìyá àgbà wà lára mi, ti àbúrò mi náà wà lára mi. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Mo ní ó dé ibẹ̀, ó ro ìrònú mẹ́sàn-án, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo ayé sì mí. Ìyá àgbà ní, "Ó ṣé o, ọkọ mi." A gbé kòkó wọlé, a sùn.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1997, ọkọ̀ Pathfinder ti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Mars gidi. Bàbá mi ra ìwé ìròyìn wálé, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ ní dúdú àti funfun: òkúta, òkúta, òkúta, àti òkè kéékèèké méjì lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wò ó títí. Ó jọ ibi tí mo mọ̀. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600, tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè, tó rí ààfin Ọwá tó ti dahoro àti ilé ẹjọ́ tí kò sí adájọ́ nínú rẹ̀ mọ́, mọ irú ìlú tí àwọn ẹni àwọ̀ ewé ń gbé nínú ìwé yẹn, ìlú ẹlòmíràn tí ẹlòmíràn ti ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán Pathfinder, kò tilẹ̀ sí ògiri. Inú bí mi sí ìwé náà. Mo tì í sábẹ́ àpótí aṣọ, ó pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó yá ni mo wá mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Giovanni Schiaparelli, ọmọ Ítálì, wo Mars nínú awò ní 1877, ó rí àwọn ìlà, ó pè wọ́n ní canali. Ojú ọ̀nà omi lásán ni ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ lédè tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé etí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, ó di odò tí èèyàn fi ọwọ́ gbẹ́. Percival Lowell, olówó ará Amẹ́ríkà, kọ́ ilé ìwòràwọ̀ kan sí Flagstaff ní 1894, ní Arizona kan náà tí John Carter ti gbéra, ó sì ń kọ ìwé lórí ìwé pé àwọn ọlọ́gbọ́n kan tí omi ń tán mọ́ lọ́wọ́ ló gbẹ́ àwọn odò yẹn. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje 1965, ọkọ̀ Mariner 4 ti Amẹ́ríkà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mars, ó ya àwòrán 22: ihò tí òkúta ọ̀run dá sílẹ̀ ló kún ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ Mars kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, nǹkan bíi ìdá 95 nínú ìyẹn ló sì jẹ́ carbon dioxide, èyí tí àwa ń mí síta.

Etí kan ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, odidi ayé kan jáde nínú rẹ̀. N kò lè bínú sí i mọ́ lẹ́yìn tí mo mọ èyí, torí èmi náà ti gbọ́ Ṣọlá níbi tí kò sí Ṣọlá, mo sì ti rí i fi ṣe nǹkan.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá 1962, àgbẹ̀ kan ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina, ń lé kannakánná kúrò lórí àgbàdo rẹ̀. Nǹkan bú gbàmù lókè, ó já lulẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ibi tó dúró, ó gbẹ́ ilẹ̀ wọlé. Òkúta ni, ó wọn nǹkan bíi kílò 18. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ rí i pé gáàsì tó há sínú rẹ̀ bá èyí tí ọkọ̀ Viking wọ̀n ní Mars ní 1976 mu. Láti Mars ló ti wá. Nǹkan ńlá kan ti gbá Mars nígbà kan rí, ó ta ègé rẹ̀ sófuurufú, ègé náà sì rìn títí ó fi bọ́ sí oko àgbàdo ní ilẹ̀ Hausa. Wọ́n tún fi ègé kékeré kan lára rẹ̀ sínú ọkọ̀ Mars Global Surveyor, tó gbéra ní oṣù Kọkànlá 1996. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá àgbà tí mò ń sọ ìtàn yẹn. Òkúta Zagami ń padà lọ sílé lókè orí wa, a ò mọ̀.

Ẹni tó kọ ìwé náà ni Edgar Rice Burroughs, tí wọ́n bí ní Chicago ní 1875. Gbogbo iṣẹ́ tó dáwọ́ lé kò gbè é: ó ṣe sójà, ó da màlúù, ó wá góòlù. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 35, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù ló ń bójú tó, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn ní 1911. Ìwé ìròyìn The All-Story ra ti Mars ní $400, wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kejì dé oṣù Keje 1912. Ẹ̀rù ń bà á kí àwọn èèyàn má pè é ní wèrè, ó bá fi orúkọ pa mọ́, ó pe ara rẹ̀ ní Normal Bean, ìyẹn ẹni tí orí rẹ̀ pé. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ rò pé àṣìkọ ni, wọ́n sọ ọ́ di Norman. Pulp ni wọ́n ń pe irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, nítorí bébà rẹ̀: igi tí wọ́n lọ̀, tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, tó máa ń pọ́n, tó sì máa ń já lọ́wọ́. Olówó pọ́ọ́kú ni. Wọn kò ṣe é kó lè pẹ́. A ti ń fi irú rẹ̀ pọ́n nǹkan jẹ tipẹ́.

Ó ní àbùkù. Dejah Thoris, ọmọ ọba tí John Carter fẹ́, wọ́n ń gbé e sá lọ ní gbogbo ìgbà kí ọkùnrin lè rí ẹni gbà là, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó gbé obìnrin náà jáde nílé, tí wọ́n fi mú un, ni pé òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ wọn afẹ́fẹ́, kí wọ́n mọ bó ṣe kù sí. Ó dìde níwájú àwọn tó mú un, ó sọ fún wọn pé bí kì í bá ṣe iṣẹ́ àwọn ni, kò ní í sí afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni máa mí. Ibẹ̀ ló ga jù nínú gbogbo ìwé yẹn lójú mi, òǹkọ̀wé sì yára kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi ìjà.

Èkejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ọ̀gágun ni John Carter kó tó lọ wá góòlù, ẹgbẹ́ ọmọ ogun gúúsù Amẹ́ríkà ló sì bá jà, àwọn tó jagun láti 1861 sí 1865 kí ẹrú má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ka gbólóhùn náà ní 1996, n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ara mi bù máṣọ. Àwọn tí wọ́n ń dè mọ́ oko ní Virginia, láti etíkun wa níhìn-ín ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wọn. Bàbá Burroughs gan-an, ẹgbẹ́ kejì ló bá jà, ẹgbẹ́ àríwá, kí ló wá dé tí ọmọ fi gbé akọni rẹ̀ sí òdìkejì? Àwọn tó ń ka ìwé nígbà náà fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí ìdáhùn tó dára jù ìyẹn lọ. N kò dárí jì í. N kò sì ní í fi ìwé náà sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n kòkó, nínú ìwé tèmi, Ṣọlá ló ni ín.

Ní 2004 ni mo rí òpin rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ilé kọ̀ǹpútà kan ní Alágbàká. Owó wákàtí kan ni mo san. Mo sáré lọ sí orí tó gbẹ̀yìn. John Carter dé ilé ẹ̀rọ. Ó ro ìrònú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ilẹ̀kùn ṣí. Kò lágbára mọ́ láti wọlé, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ṣì lè rá kòrò, ó ní kó lọ tan ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ ṣú. Nígbà tó lajú, inú ihò Arizona ló wà, ọdún mẹ́wàá ti kọjá, kò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn dé ibi ẹ̀rọ. Ó ń wo ìràwọ̀ pupa náà lálaalẹ́, ó ń béèrè. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Mo jókòó níwájú kọ̀ǹpútà títí àkókò mi fi tán. Ẹlẹ́pà kò mú ìdáhùn kankan lọ. Àwọn tó ra ìwé ìròyìn náà ní oṣù Keje 1912 kò mọ̀ jù mí lọ, títí ìtàn kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní oṣù Kìíní 1913.

Ní 2023, ẹ̀dọ̀fóró Ìyá àgbà kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, sílíńdà òfìfo ni wọ́n gbé wá, ó tó wákàtí mẹ́ta kí a tó rí òmíràn. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa wákàtí mẹ́ta yẹn. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, a gbé wọn wá sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń yọ atẹ́gùn òkísíjìn láti inú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yàrá ló ń fà wọlé, èyí tí òkísíjìn inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní àwọn hóró kan nínú tó ń gba náítírójìn mú, ohun tó ń gba inú rọ́bà bọ́ sí imú wọn á sì lé ní ìdá 90. Iná ló ń lò. Bí iná bá lọ, ó dákẹ́, ó sì máa ń ké kó tó dákẹ́.

Èmi àti àbúrò mi pín òru sí méjì. Òun ń ṣọ́ ọ títí di aago méjì, èmi ń gbà á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló ń tẹ́tí sí i, òun ló ń sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ, òun ló ń ṣí sílíńdà kékeré fún ìṣẹ́jú tó wà láàárín. A kì í jẹ́ kí epo tán. Oṣù méjì ni a ti ń ṣe é kó tó wá sí mi lọ́kàn ibi tí mo ti gbọ́ irú iṣẹ́ yìí rí.

Oṣù Kẹsàn-án ni, mo ń ka ìròyìn lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Ọkọ̀ Perseverance tó gúnlẹ̀ sí Mars ní oṣù Kejì 2021 gbé ẹ̀rọ kan dání tí wọ́n ń pè ní MOXIE, tí kò tóbi ju ẹ̀rọ máíkírówéfù lọ. Afẹ́fẹ́ Mars ló ń fà wọlé, ó ń fi iná gbígbóná tó tó 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius àti iná mànàmáná ya òkísíjìn kúrò lára carbon dioxide. Ìgbà 16 ni wọ́n tàn án. Gíráàmù 122 ni gbogbo òkísíjìn tó ṣe, nǹkan bíi ohun tí ajá kékeré kan máa mí fún wákàtí mẹ́wàá. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá àgbà.

Wọ́n wo òkè àjà fún ìgbà díẹ̀. "Wọ́n ti kọ́ ilé yẹn nìyẹn."

Mo ní, "Ìyá, irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí. Ìwé mi kò ní òpin. Èmi ni mo fi ti ara mi kún un."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ohùn rẹ yí padà níbẹ̀." Wọ́n mí díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ṣí i, àbí kò ṣí i?"

Mo ní ó ṣí i. Mo ní mo ti ka ìwé kejì, ọkùnrin tó ń rá kòrò yẹn dé ibi ẹ̀rọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá, òjò dé pẹ̀lú ìjì, iná lọ ní nǹkan bí aago kan kọjá. Ìgbà tèmi kò tíì tó, ẹ̀rọ tó ń ké ló jí mi. Kí n tó dé yàrá, àbúrò mi ti so rọ́bà mọ́ sílíńdà, ó ti wà nínú òjò níta, ó ń fa jẹnẹrétọ̀. Kò dáhùn. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún gbẹ, ó dá a padà, ó tún fà á. Mo dúró tì wọ́n nínú yàrá, mò ń wo ọwọ́ tó wà lójú sílíńdà bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló fà á kó tó dún. Ó ní kí n lọ sùn, pé òun ló kù sí lọ́wọ́, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, ó ti sùn lọ sórí àga, orí rẹ̀ wà létí ibùsùn. Ìyá àgbà ti lajú.

"Ta ló ṣọ́ ọ lóru àná?" ni wọ́n bi mí. "Ìwọ ni, àbí Ṣọlá?"

"Ṣọlá ni, Ìyá."

Wọ́n na ọwọ́ lé e lórí. "Àdùkẹ́," ni wọ́n pè é, wọ́n mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kì í.